Ẹni tó bi Bàbá léèrè lẹ́ẹ̀kejì

Nínú ilé tí mo gbé dàgbà ní Iyaro, ní ìlú Ìbìní, bí ẹ bá pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti fi ẹnu yín ṣòfò. Kò sí ẹni tó máa dá yín lóhùn. Bàbá àgbà, bàbá tó bí màmá mi, ló fi òfin yìí lélẹ̀, ó sì le ju òfin ìjọba lọ, torí pé ìjọba kì í wà nílé nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n Bàbá kì í jáde. Ó ní ohùn tó bá pè yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò tíì mọ ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ wà nílé. Èyí tó bá pè yín lẹ́ẹ̀kejì, ènìyàn ni, ẹ lè dá a lóhùn. Nítorí náà bí màmá mi bá fẹ́ kí n gbé omi wá, á ní, "Tóyìn," á dúró díẹ̀, á tún ní, "Tóyìn," ìgbà yẹn ni màá tó ní, "Mà." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé máa ń dún láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bí ìgbà tí àwo orin bá há sójú kan. Ìyá Esosa, onílé wa, tó jẹ́ ọmọ Ìbìní pọ́ńbélé, máa ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé àwọn Yorùbá tó wà lẹ́yìn ilé òun ní àrùn etí, gbogbo wọn pátá, àtàgbà àtọmọdé. Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i dòní, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ohun ẹ̀rín.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ́ẹ̀lì sí méjì, tí àwọn àgbàlagbà ń bára wọn jiyàn lórí ta ni yóò kó àga lọ, ta ni yóò kó tábìlì. Èmi kò bá wọn dá sí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí kùn, tí adìyẹ Ìyá Esosa á máa bá a jà pé ó jí àwọn lójijì. Èmi ni mò ń gbá ọgbà, ilẹ̀ pupa Ìbìní tí kì í mọ́. Bí ẹ bá gbá a tán, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹ kàn ya irun fún un. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni omi, lẹ́yìn omi ni ẹ̀kọ gbígbóná Bàbá, pẹ̀lú àkàrà tí mo lọ rà ní ìkóríta, tí mo sì ti jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Màmá mi á di ẹrù rẹ̀ sórí, abọ́ tánganran àti ìkòkò, á sì máa dún lọ sọ́jà bí ìlú tó ń ṣí kiri. Ọjà yẹn náà ni mò ń tà lónìí, ẹnu rẹ̀ náà ni mo fi ń tà á. Àwa ọmọ ilé, Píjìn la máa ń sọ láàárín ara wa. Bí mo bá gbàgbé tí mo dá Bàbá lóhùn pé, "I dey come," á yí ojú sí ògiri, á máa wo ògiri náà tìyanu-tìyanu, bíi pé ògiri ló sọ̀rọ̀. Màá ní, "Mò ń bọ̀, Bàbá," á fi oríkì mi pè mí, á ní, "Ẹ̀hẹn, Àṣàkẹ́, ìwọ rèé. Mo rò pé o ti jáde ni."

Olórin ni Bàbá. Kì í ṣe olórin àdúgbò o. Ó ti fi gìtá rẹ̀ rìn láti Ìbàdàn dé Oǹdó, láti Oǹdó dé Sápẹ́lẹ́, àwo rẹ̀ sì wà nílé àwọn tí kò rí i sójú rí. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, gìtá náà ti wà lórí ìṣó lára ògiri yàrá rẹ̀, okùn méjì péré ló kù lára rẹ̀, awọ funfun sì ti bo ẹyinjú Bàbá fúnra rẹ̀ débi pé bí mo bá dúró níwájú rẹ̀ láì mí, kò ní mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orin kan wà tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, nípa obìnrin kan tó jókòó sí etí odò tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ rẹ̀ wọ̀. Ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ó nípọn bí àmù, èkejì sì wà lókè, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá rò pé ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ti gbàgbé pé ó ń bọ̀, ẹ ó kàn gbọ́ ọ lẹ́yìn ọrùn yín. Bàbá ní òun lòun kọ ohùn méjèèjì. Ó ní nígbà tí àwọn gba orin náà sílẹ̀ ní Èkó, òun kọ ti ìsàlẹ̀ tán, wọ́n gbé e fún òun láti gbọ́, òun sì gun orí rẹ̀ kọ ti òkè. Ìyanu ńlá ni. Mo sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì mi, mo tiẹ̀ fi kún un pé ó lè ṣe mẹ́ta.

Ẹnì kan wà tí kò gbà. Màmá Ikpoba Hill la máa ń pè é, torí pé òkè odò lọ́hùn-ún, ní Ikpoba Hill, ló ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló máa ń wá, pẹ̀lú ọsàn nínú báàgì ọ̀rá. Ọkọ rẹ̀, Làmídì, wà nínú ẹgbẹ́ orin Bàbá láyé àtijọ́, ọkọ̀ sì ti pa á kí wọ́n tó bí mi. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa Làmídì. Kò sí àwòrán rẹ̀ nílé wa, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Bí Màmá Ikpoba Hill bá dé, á kúnlẹ̀ kí Bàbá, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n á lé mi jáde, èmi náà á sì jáde dé ibi tí etí mi ṣì lè wà nínú ilé.

Ní ọdún yẹn, mo gbọ́ tó ní, "Bọ̀dá, n kò wá gba nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ kàn dárúkọ rẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn á ti gbọ́. Ẹ ní Làmídì ló ni ohùn òkè. Ó tán."

Bàbá ní, "Òjò yìí kò fẹ́ dá."

"Ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú rédíò, wọ́n ń fi orúkọ yín pè é. Ṣé ó dáa?"

"Àbẹ̀kẹ́," Bàbá pe màmá mi, "Àbẹ̀kẹ́, wá sin Màmá dé ẹnu ọ̀nà."

Màmá mi sìn ín. Nígbà tó padà, ó dúró sójú ilẹ̀kùn yàrá Bàbá, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ mélòó lẹ rò pé ẹ tún ní tí ẹ fi ń kó o pa mọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni obìnrin yìí ń tọrọ." Bàbá kò dáhùn. Ó tún un sọ, torí òfin ilé wa, Bàbá ò sì dáhùn náà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí i tó rú òfin ara rẹ̀.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà ni Bùrọ̀dá Bọ̀dé dé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni, ó ń ṣe ètò Yorùbá kan lórí rédíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú fún àwa tí ilé jìnnà sí. Bàtà rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ náà ń dán. Ó gbé páálí bisikíìtì kan sílẹ̀, lẹ́tà ló kún inú rẹ̀. Ó ní òun ti kéde pé kí àwọn olólùfẹ́ orin Bàbá kọ ìbéèrè wá nípa gbogbo ọdún tó ti fi ṣe orin, pé ńṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ń kọ̀wé sí ẹni tó fẹ́ fẹ́ wọn. Ó tún gbé rẹ̀kọ́dà kan jáde, ó fi bọ́tìnnì pupa han màmá mi. "Bí ẹ bá tẹ èyí mọ́ èyí, ó ń gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Mò ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ekiadolor, mo ní láti gba ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀. Tí mo bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, màá yà gbé e."

Bàbá ní, "Ibo lo ní ò ń lọ?"

"Ekiadolor, sà."

Bàbá ní kò burú. Àmọ́ mo rí i tó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú, oòrùn ọ̀sán sì rèé.

Ta ni yóò ka lẹ́tà? Ọjà ń dúró de màmá mi. Ó wo páálí, ó wò mí. Ó ní, "Tóyìn yóò kà á. Ó wà ní pírámárì síìsì. Kí ni mò ń san owó ilé ìwé fún?" Níbí ni mo ní láti sọ òótọ́ tí màmá mi kò mọ̀ nígbà náà. Èmi kò mọ̀wé kà. Mo mọ A, mo mọ B, mo mọ orúkọ ara mi bí mo bá rí i tó dá dúró, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí àwọn àgbàlagbà fi ọwọ́ kọ, tó ń wọ́ lọ bí ọ̀nà èèrà, orí mi kò gbé e. Láti pírámárì ọ̀kan ni mo ti ń tún ohun tí ẹni tó jókòó tì mí bá kà sọ, kò sì tíì sí tíṣà tó mú mi. Mo lè sọ fún màmá mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ẹrù rẹ̀, ó ti ń fi mí yangàn fún Bùrọ̀dá Bọ̀dé, inú rẹ̀ sì ń dùn. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kù sílé, èmi àti Bàbá, ní ọ̀sán. Ìyá Esosa ti lọ síbi ìsìnkú kan. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó dojú kọ mi, kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀. Ó ní kí n ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, bí a ṣe ń ṣe nílé, kí òun tó dáhùn. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo fa lẹ́tà kìíní yọ, mo gbé e sójú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí purọ́.

"Bàbá, kí lẹ máa ń jẹ tí ohùn yín fi dùn báyìí?"

"Tún un kà."

Ibẹ̀ ni ìyọnu wà. Ẹni tó ń hùmọ̀ kò rántí bó ṣe sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, oúnjẹ wo ló ń mú ohùn yín dùn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni yìí kì í dúró lójú kan. Sọ fún un pé iṣu ni. Iṣu àti àìsọ̀rọ̀ púpọ̀."

A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè ìyàwó mélòó ló ní rí, mo ní ọkùnrin kan ní Wàrì ló ń béèrè. Ó ní kí ọkùnrin náà lọ ka tirẹ̀. Mo bi í pé ṣé òótọ́ ni pé obìnrin kan dákú ní òde eré rẹ̀ kan. Ó ní òótọ́ ni, ebi ló ń pa á. Inú rẹ̀ ń dùn. Mo ti ń rí ara mi bí ẹni tó dáńtọ́. Mo ti pa irọ́ bíi méje, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo wá fa lẹ́tà mìíràn, bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, mo la ẹnu láti béèrè bóyá ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ohun tó wà lórí ahọ́n mi nìyẹn, mo ti tò ó tán.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ta ló ni ohùn òkè nínú orin obìnrin etí odò?"

Títí dòní ni mò ń ro ọ̀rọ̀ náà. Mo ti sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ tí mo fetí kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló jáde lẹ́nu mi láì gbàṣẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rù bà mí bí ó ti jáde, mo sì pa ẹnu dé. N kò tún un kà. Mo mọ̀ pé n kò tún un kà, torí pé ńṣe ni mo fi lẹ́tà náà bo ẹnu. Ẹ̀rọ ìlọta náà dákẹ́ nígbà yẹn. Adìyẹ dákẹ́. Mo rí Bàbá tó rọra yí orí kúrò lọ́dọ̀ mi, tó kọ etí sí ọ̀nà kọ́tìnnì, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mi orí, bó ṣe máa ń mi orí bí mo bá ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì tán, ó sì dáhùn. Kọ́tìnnì ló dá lóhùn, kì í ṣe èmi.

"Làmídì ló ni ín," ó ní. "Làmídì Àkànní. Èmi kò kọ ohùn òkè rí, ọ̀fun mi kò gbé e. Irọ́ ni mo pa. A ń bọ̀ láti òde eré, a dé Ekiadolor, ó ní òun fẹ́ kí orúkọ òun wà lẹ́yìn àwo pẹ̀lú tèmi. A jà. Mo ní kí dírẹ́bà dúró, mo ní kí Làmídì sọ̀ kalẹ̀, kí ó lọ wá ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ti gbéra, ó pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ. Mo sọ fún àwọn tó kù nínú ọkọ̀ pé èmi kì í dá ohùn tó bá pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lóhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé òun ni. Kó tó lè pè mí lẹ́ẹ̀kejì, a ti rìn jìnnà. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa kò rí i."

Ó ní, "Àṣàkẹ́, pa á." Mo pa á. Ó ní, "O kà á lẹ́ẹ̀mejì, àbí?"

Kí ni ọmọ tó ti ń purọ́ láti ọ̀sán máa sọ? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Nígbà tí màmá mi ti ọjà dé, kò tíì bọ́ gèlè tó fi ní kí a gbé e fún òun láti gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín abọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ti iṣu, ó rẹ́rìn-ín sí ti obìnrin tó dákú. Lẹ́yìn náà ni ohùn mi tó ń béèrè ẹni tó ni ohùn òkè. Màmá mi gbé ojú sókè wò mí. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, kò sí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, a kàn ń gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ wùùù. Ẹnì kan húkọ́. Ohùn kan wá sọ ọ́, láìyára, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bó ṣe jáde lẹ́nu mi gẹ́ẹ́, kò yẹ̀ ẹ́: "Ta ló ni ohùn òkè nínú orin obìnrin etí odò?" Ohùn ọkùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti há díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá dáhùn.

Màmá mi tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní, "Ta ló wà níbí?"

"Èmi àti Bàbá."

"Ta ló wọlé?"

"Kò sẹ́ni, mà."

Ó dìde, ó ká kọ́tìnnì sókè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó padà, ó ní kásẹ́ẹ̀tì àlòkù ni Bọ̀dé gbé fún wa, pé àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ahun ni wọ́n, wọn kì í ra tuntun, ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lánàá ló ń yọjú lábẹ́ tòní. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ì bá dá mi lójú bí kò bá jẹ́ pé bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń da abọ́ tó fọ́nká yí i ká sínú ara wọn, tí kò sì mọ̀ pé òun ń kó èyí tó tóbi sínú èyí tó kéré.

Bàbá ní, "Jẹ́ kí n tún un gbọ́." A tún un gbọ́. Ó gbọ́ ìbéèrè náà tán kó tó ní, "Pa á rẹ́."

"Bàbá."

"Mo ní pa á rẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Bọ̀dé á rí nǹkan mìíràn gbé sórí rédíò. Orúkọ mi nìkan ni mo ní láyé yìí. Kò sí ilé, kò sí ọkọ̀. Bí mo bá ní irọ́ ni mo ti ń pa, kí ló kù tí wọ́n á máa pè mí?"

Màmá mi mú rẹ̀kọ́dà lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì pupa náà, mo rí i. A ti ń gbọ́ alùpùpù Bùrọ̀dá Bọ̀dé níta. Màmá mi ní, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi yín. Bí a bá pa á rẹ́, ibo lẹ fẹ́ kó ti tún bi yín?"

Bùrọ̀dá Bọ̀dé ń pàtẹ́wọ́ níwájú ilé, "Ẹ ǹlẹ́ o, ará ilé." Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó tún kígbe. Bàbá na ọwọ́ síwájú, kò mọ ibi tí màmá mi wà, ọwọ́ náà ń wá a kiri. Mo rò pé ó fẹ́ gbà á fọ́ mọ́lẹ̀ ni. Màmá mi náà rò bẹ́ẹ̀, torí pé ó lọ́ra. Ṣùgbọ́n ó gbé e lé e lọ́wọ́. Bàbá dìde, ó fi ògiri tọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí a di òun mú, ó sì gbé rẹ̀kọ́dà náà fún Bùrọ̀dá Bọ̀dé fúnra rẹ̀. Ó ní, "Má ṣe yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ẹ̀bà, màmá mi kó àwọn lẹ́tà tó kù nínú páálí jáde, ó kà wọ́n tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú èyí tí wọ́n fi bírò búlúù kọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣà kan ló ń béèrè bí a ṣe ń so okùn gìtá. Kò sí ẹnì kankan nínú gbogbo wọn tó béèrè nípa ohùn òkè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkùnrin Wàrì, kò sí ẹni tó dákú. Ó wò mí. "Tóyìn." Mo dákẹ́. "Tóyìn." Mo ní, "Mà." Ó ní kí n ka ìlà kan fún òun. Mo wo ìlà náà, ìlà náà wò mí. Màmá mi ní, "Ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi sanwó kí wọ́n lè máa wo aṣọ rẹ." Kò lù mí. Mo rò pé ó fẹ́ lù mí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń dà á láàmú: bí lẹ́tà kò bá béèrè, tí èmi náà kò sì mọ̀ pé mo fẹ́ béèrè, a jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ọjọ́ Àìkú, ó di ọbẹ̀ sínú abọ́ fún mi, ó ní kí n wọ táksì lọ sí Ikpoba Hill, kí n sọ fún Màmá pé Bàbá ní kó ṣí rédíò ní aago mẹ́rin. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Kò bi mí ní ìdí. Ó gbé rédíò rẹ̀ jáde sórí àpótí, wáyà ló fi di apá rẹ̀ tó ti ṣẹ́ mọ́ igi fèrèsé. A jókòó. Bùrọ̀dá Bọ̀dé kí gbogbo ayé tán, ó ní ọmọ-ọmọ Bàbá ló ń ka lẹ́tà, pé ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ Bàbá sì wà ní ìjókòó pẹ̀lú wọn, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn láìpẹ́. Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Mo ń wo ẹ̀wà.

Ohùn mi béèrè. Ó dákẹ́ wùùù. Ikọ́ yẹn dún. Ohùn ọkùnrin náà béèrè.

Ọwọ́ Màmá Ikpoba Hill dúró nínú àtẹ. Bàbá sọ pé Làmídì Àkànní ló ni ín, ó sọ gbogbo rẹ̀, Ekiadolor, ọkọ̀, ìpè kan ṣoṣo náà. Gbogbo Ìbìní gbọ́ ọ. Àwọn ará ilé kejì tó jẹ́ Yorùbá ti yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n ń wo Màmá. Mo rò pé á sunkún. Mo ti ń wá ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Kò sunkún. Ó na ọwọ́ pa rédíò nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀ tán.

"Làmídì ti darúgbó," ó ní. "Nígbà tó lọ, kò tíì pé ogójì ọdún. O gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe há?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àti ikọ́ yẹn. Ikọ́ ẹni tó ti dúró síta pẹ́ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ẹ̀wà rẹ̀ padà. "Sọ fún Bàbá pé mo gbọ́. Pé mo dúpẹ́. Kó ní kí Làmídì wọlé jókòó."

Mo dé ilé, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Bàbá bí Màmá ṣe rán mi, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n gbé àga kan láti pálọ̀ wá sínú yàrá òun, kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì. Mo gbé e wá. Eruku wà lórí rẹ̀, mo fi etí aṣọ mi nù ún dáadáa kí n tó jáde.